Àjàyí Crowther: Ọmọ tí a kó lẹ́rú tí kò jẹ́ kí èdè rẹ̀ sọnù



Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ ni a kò bí sí ilẹ̀ Yorùbá. Òkè Ọya ni a gbé dàgbà. Hausa ni a fi ń ra ẹ̀wà ní àdúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kàwé, inú ilé nìkan ni a ti ń gbọ́ Yorùbá, pàápàá nígbà tí inú bá ń bí ìyá wa. Bí a bá bá àwọn òbí wa lọ sílé lásìkò Kérésì tàbí Iléyá, ẹnu wa ni àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn a ní à ń sọ̀rọ̀ bíi Gàmbàrí. Bí a bá tún padà sí Òkè Ọya, ọmọ Yorùbá náà ni wọ́n ń pè wá. Níbi ìpàdé wa kan ni ẹnìkan ti dìde tó béèrè pé èrè wo gan-an ló wà nínú kí a máa yọ ara wa lẹ́nu lórí èdè tí a kò gbọ́ dáadáa, níbi tí àwa fúnra wa kò ti pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ wa lórí rẹ̀. Nígbà tí a ronú sí i, a rí i pé kàkà kí a tún máa jiyàn, ó sàn kí a gbé ìtàn ẹnìkan kalẹ̀ tí irú ìbéèrè yìí dojú kọ ju tiwa lọ. Ẹni náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Ìbí rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣogùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Orúkọ àmútọ̀runwá ni orúkọ rẹ̀, nítorí ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni Yorùbá ń pè ní Àjàyí. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀.

Ìgbà ogun ni ìgbà náà. Ìjọba Ọ̀yọ́ ti ń dàrú, ìlú kan ń kó ìlú kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ìyá ṣì ń gbọ́ oúnjẹ àárọ̀, ogun ya wọ Òṣogùn. Bàbá rẹ̀ sáré wálé láti kìlọ̀ fún wọn, ó sì tún padà sójú ìjà. Àjàyí kò fojú kàn án mọ́ láyé. Àwọn jagunjagun fi okùn so Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n ń fà wọ́n lọ, ìlú sì ń jó lẹ́yìn wọn.

Láti ìgbà náà, Àjàyí di ọjà. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún dá a padà. Wọ́n tún tà á fún ẹlòmíràn, wọ́n fi í gba tábà àti ọtí. Nígbà tó gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n tà á fún àwọn oníṣòwò etíkun, ó gbìyànjú ní òru láti fi ìgbànú ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Kò rí i ṣe. Ọmọ bí ọdún méjìlá ni nígbà náà. Nígbẹ̀yìn, ó dé Èkó, àwọn Potogí rà á, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwọn ẹrú yòókù. Gbogbo wọn jẹ́ 187.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon lé ọkọ̀ ẹrú náà bá, ó sì gbà wọ́n. Ẹ má ṣe rò pé inú Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dùn lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Nígbà tí wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so rọ̀ nínú ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rò pé ẹran ara ènìyàn ni. Nígbà tí wọ́n rí ọta àgbá tí a kó jọ, wọ́n rò pé orí ènìyàn ni. Wọ́n ti dòmìnira, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀.

Ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Sàró, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ọdún 1822, ni wọ́n tó mọ̀. Wọ́n kó wọn lọ sí abúlé Bathurst, wọ́n sì bá àwọn ará ilẹ̀ wọn tí a ti gbà sílẹ̀ ṣáájú wọn níbẹ̀. Àjàyí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn rí. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ẹni àìmọ̀ rí yìí la ẹnu, tí wọ́n fi Yorùbá sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe ẹrú mọ́, ọkàn wọn balẹ̀. Ìwé òmìnira ilé ẹjọ́ wà, ṣùgbọ́n ẹnu Yorùbá ni Àjàyí ti kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn náà tó fi gbà á gbọ́.

Àwọn Àkú ní Freetown

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ìdáhùn ìbéèrè wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní Freetown àti àwọn abúlé tó yí i ká, onírúurú ẹ̀yà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ láti inú ọkọ̀ ẹrú: Ìgbò, Hausa, Núpé, Kóńgò àti àwọn mìíràn. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í pe ara wọn ní Yorùbá nígbà náà. Ará Ẹ̀gbá ń pe ara rẹ̀ ní Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà ń pe ara rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú sì ń jẹ́ Ìjẹ̀bú. Nílé, àwọn kan nínú wọn ti bá ara wọn jagun rí, ogun náà ló sì sọ wọ́n di ẹrú.

Ní ilẹ̀ àjèjì, àwọn ẹlòmíràn kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn láti àárọ̀ di alẹ́ ni ìkíni: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Àkú. Orúkọ tí a fi ẹ̀fẹ̀ bẹ̀rẹ̀ di orúkọ ẹ̀yà. Nígbà tí Koelle, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn èdè Áfíríkà jáde ní 1854, abẹ́ orúkọ Àkú ló to Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó, Yàgbà, Òwórò àti àwọn mìíràn sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Kúbà, tí wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Lukumí, àti ní Bùràsíìlì tí wọ́n ń pè wọ́n ní Nàgó.

Àwọn Àkú kò jókòó kí wọ́n máa sunkún ilé. Wọ́n ní olórí tiwọn. Wọ́n ń dá èésú, wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ ṣòwò. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ń sin òkú, tó sì ń gbé ọmọ jáde. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn ní àdúgbò tiwọn ní Fourah Bay àti Fula Town. Ní 1839, àwọn oníṣòwò inú wọn ti ń wá ọkọ̀ tiwọn, wọ́n wa ọkọ̀ náà padà sí etíkun ilẹ̀ tí a ti tà wọ́n, wọ́n sì rí ọ̀nà ilé. Ẹ wo ohun tó so wọ́n pọ̀: kì í ṣe ìlú kan náà, kì í ṣe ẹ̀sìn kan náà, kì í ṣe ọba kan náà. Èdè ni. Títí di òní, àwọn ọ̀rọ̀ bí àwùjọ àti kọ́mọjáde ṣì wà nínú èdè Kíríò tí wọ́n ń sọ ní Freetown.

Àárín wọn ni Àjàyí dàgbà sí. A gbọ́ pé ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ kàwé, ó tọrọ owó kékeré lọ́wọ́ ará ilẹ̀ rẹ̀ kan láti ra káàdì ABD. Láàrin oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì. Míṣọ́nnárì John Raban ṣe ìrìbọmi fún un ní oṣù kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1826. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ Asano, tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bíi tirẹ̀. Láàrin 1830 sí 1832, Raban tẹ ìwé pẹlẹbẹ jáde lórí èdè Àkú. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di kíkọ sílẹ̀.

Ọjọ́ tí ahọ́n rẹ̀ wúwo

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya. Crowther àti J. F. Schön, tó mọ Hausa, bá wọn lọ. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà. Ẹ̀kọ́ tí ó hàn sí àwọn méjèèjì ni pé ọmọ Áfíríkà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe iṣẹ́ náà, ní èdè àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀. Ní 1843, wọ́n fi Crowther joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde.

Ó padà sí Freetown. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá níwájú àwọn Àkú. Ilé ìsìn kún. Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí: ọkùnrin tó ti ṣe ìwé lórí èdè náà kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé nígbà tí òun dìde láti wàásù, ńṣe ni òun dà bí ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ ní èdè ìyá rẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè ìwé àti èdè ìsìn lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, kò torí bẹ́ẹ̀ jókòó. Ó wàásù náà tán, àwọn tó gbọ́ ọ sì mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a ka ibi yìí, a wo ara wa lójú. Àwa tí ojú ń tì láti kí bàbá àgbà wa nítorí pé ohùn wa yóò ṣì, a rí i pé Àjàyí Crowther náà ti dúró síbi tí a dúró sí.

Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀, àti Bíbélì

Ní 1845 ó dé Àgbádárìgì pẹ̀lú Townsend àti Gollmer. Ogun dí ọ̀nà mọ́ wọn fún ọdún kan àti ààbọ̀, wọ́n kò dé Abẹ́òkúta àfi ní 1846. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìyá rẹ̀ Àfàlá, tó ti gbọ́ pé ọmọ òun wà níbẹ̀, wá bá a. Ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n ti kọjá. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹkún gbọ̀n wọ́n, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ìyá náà sì la ẹnu, kò sí ògbufọ̀ láàrin òun àti ọmọ rẹ̀. Ẹ rò ó wò bí Àjàyí bá ti gbàgbé èdè náà ní Freetown. Ní 1848, ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta, ó gba orúkọ Hannah.

Ní Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ìtumọ̀ gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Kò gbẹ́kẹ̀ lé Yorùbá tó kó wá láti Sàró nìkan. Ó ń fetí sí àwọn àgbà, àwọn babaláwo, àwọn ìyá ọlọ́jà. Bó bá gbọ́ òwe tàbí ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1852 fi hàn pé ó mọ̀ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ní èdè wa. Ní 1851, nígbà tó lọ bá àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí Dàhòmì àti òwò ẹrú ní Èkó, ó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá níwájú Ọbabìnrin Victoria, ọbabìnrin sì yìn ín pé èdè náà tutù létí.

Iṣẹ́ náà kò lọ láìsí ìjàm̀bá. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ àti òwe tó ti fi ọdún mọ́kànlá kó jọ jóná. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ ì bá ti jáwọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Òun pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ bíi Thomas King ni wọ́n jọ túmọ̀ àwọn ìwé náà díẹ̀díẹ̀. Ní 1875, ó ṣe alága ìpàdé kan ní Èkó níbi tí wọ́n ti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1884, odindi Bíbélì Yorùbá jáde.

A kò sọ pé gbogbo ohun tó ṣe ló pé. Orúkọ Èṣù tí ìtumọ̀ náà fún Sàtánì ṣì ń bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ nínú títí di òní, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìwé náà ló jẹ́ kí Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti Ọ̀yọ́ máa ka ohun kan náà. Orúkọ Yorùbá, tí ó ti jẹ́ ti àwọn Ọ̀yọ́ nìkan tẹ́lẹ̀, di orúkọ gbogbo wa.

Ní ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn

Ohun tó wú wa lórí jù lọ ni ohun tí Crowther ṣe ní ibi tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá. Ní 1857, ó dá ilé iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Onitsha. Ẹni tó fi síbẹ̀ ni John Christopher Taylor, tí àwọn òbí Ìgbò bí sí Sàró. Ọdún yẹn náà ni Crowther tẹ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ kan jáde ní èdè Ìgbò. Ó ṣe ìwé ìbẹ̀rẹ̀ Núpé ní 1860, gírámà Núpé ní 1864, àti ìwé ọ̀rọ̀ Ìgbò ní 1882. Kò sọ pé kí ará etí Odò Ọya wá kọ́ Yorùbá kí wọ́n tó gbọ́ ìwàásù. Ẹni tó ti jẹ́ àjèjì rí ló mọ bó ti rí lára àjèjì.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ oyè náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kan ní ilẹ̀ Yorùbá kò fẹ́ wà lábẹ́ ọmọ Áfíríkà, nítorí náà etí Odò Ọya ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó di bíṣọ́ọ̀bù láàrin àwọn tí èdè wọn kì í ṣe tirẹ̀, bí àwa náà ti ń gbé láàrin àwọn tí èdè wọn kì í ṣe tiwa.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò dùn. Àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọ́n rán wá sí Odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, níbi ìpàdé kan ní Onitsha, wọ́n rí i fín níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ Dandeson náà wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Bàbá àgbà náà kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó kọ kò ṣeé gbà mọ́, ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Kí ni kí a ṣe?

A padà sórí ìbéèrè ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a pọ̀ bí eṣú. Níbi tí a wà yìí, a jẹ́ ìwọ̀nba. Àwọn Àkú náà bá ara wọn ní ilẹ̀ tí wọn kò yàn fúnra wọn. Ohun tí wọ́n ní ni ìkíni, èésú, òkú sísin, ọmọ kíkó jáde, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú èdè. Èyí ló jẹ́ kí ẹni tí kò ní ẹbí rí ẹbí. Ìdáhùn wa nìyẹn.

Nítorí náà, a ń bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé bí ìsinmi bá dé, kí olúkúlùkù mú ìwé kékeré lọ́wọ́ lọ bá ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà rẹ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá àti òwe méjì tí kò gbọ́ rí sílẹ̀, ti Yàgbà ni o, ti Ìgbómìnà ni o, ti Ìjẹ̀ṣà ni o. Bí wọ́n bá fi ohùn wa rẹ́rìn-ín, kí a bá wọn rẹ́rìn-ín, kí a sì máa sọ ọ́ lọ. Èkejì, èdè tó lé ní 500 ló wà ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn tó ń sọ wọ́n kò pọ̀ rárá. Àwọn ọmọ wọn ń bẹ nínú kíláàsì wa. Kí a kọ́ bí a ṣe ń kí wọn ní èdè tiwọn, kí a má ṣe fi ohùn wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí a fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nílé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn.